Àpótí Karùn-ún Tó Ń Sọ̀rọ̀ Lẹ́ẹ̀mejì: Ọ̀rọ̀ Màgásẹ́n Kajú Kan ní Ṣábẹ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, torí àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì níhìn-ín ní Ṣábẹ, ní orílẹ̀-èdè Benin, ti fi ata àti iyọ̀ sí i, àwọn kan ní àjẹ́ ló wọnú ẹ̀rọ, àwọn kan ní oníbàárà ló rán èèyàn sí wa, bẹ́ẹ̀ ẹni tó jẹ̀bi jù nínú ọ̀rọ̀ náà, èmi tí mò ń kọ ọ́ yìí ni.

Fóònù ni mò ń tún ṣe, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kò jìnnà sí ojú irin. Nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi Arduino, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ, ṣeré, mò ń ṣe ẹ̀rọ kéékèèké tó ń fa omi, tó ń tan iná, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kajú kan ti gbọ́ nípa mi. Wọ́n ní màgásẹ́n mẹ́ta tí wọ́n ń kó kajú sí. Ẹni tó bá mọ kajú mọ̀ pé kóró ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kó tó wọ àpò, kí omi inú ẹ̀ má ju bíi 8 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, tí ẹ bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan tí ẹ gbọ̀n ọ́n kó máa dún kẹ́kẹ́. Tí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́ á bu, inú á dúdú, oníbàárà á gé owó. Bẹ́ẹ̀ láti bíi oṣù kejì ni à ń kó o jọ, nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹrin òjò ti ń yọjú, ẹrù ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n fẹ́ máa mọ bí afẹ́fẹ́ inú màgásẹ́n ṣe rí láìjẹ́ pé ẹnì kan ń lọ ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ láṣàálẹ́.

Mo ṣe àpótí kékeré mẹ́jọ sí màgásẹ́n kọ̀ọ̀kan, mẹ́rìnlélógún lápapọ̀. Sẹ́ńsọ̀ ọ̀rinrin DHT22 ló wà nínú wọn, èyí tó lè fi bíi 2% ṣì í sókè tàbí sísàlẹ̀, pẹ̀lú ATmega328P, kọ̀ǹpútà tíńtín, tí RAM ẹ̀, ibi tó ń rántí nǹkan sí lẹ́nu iṣẹ́, ò ju 2 KB lọ, ẹ gbọ́ mi dáadáa, 2 KB, fọ́tò kan ṣoṣo lórí fóònù yín tóbi ju ìyẹn lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po, àti rédíò LoRa, irú tó ń rán ọ̀rọ̀ kékeré lọ jìnnà láìjẹ bátìrì púpọ̀, àti bátìrì. Ní màgásẹ́n kọ̀ọ̀kan àpótí kan wà tó tóbi díẹ̀ tí à ń pè ní olórí. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá àwọn mẹ́jọ á sọ tiwọn fún olórí, olórí á ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, á fi mẹ́jọ pín in, á wá fi nọ́ḿbà kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ níbi tí síkíríìnì kékeré kan wà lára ògiri. Nọ́ḿbà mẹ́ta, màgásẹ́n mẹ́ta. Ó mọ́ lójú. Gbogbo èèyàn ń wá wò ó.

Àwọn kan bi mí pé kí ló dé tí kálukú wọn ò kúkú bá ọ́fíìsì sọ̀rọ̀ tààrà. Bátìrì ni. Nínú irú ẹ̀rọ báyìí, ẹnu ló ń jẹ bátìrì, ìrònú ò jẹ nǹkan kan. Àwọn ará Berkeley ní Amẹ́ríkà tó kọ nípa TAG, ọ̀nà tí irú àwọn àpótí báyìí fi ń ṣírò lójú ọ̀nà, ní 2002 sọ ọ́ pé bíìtì kan tí àpótí tiwọn bá fi rédíò rán, bátìrì tó ń jẹ tó ti iṣẹ́ bíi 800 tí kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ bá ṣe. Nítorí náà ẹni tó bá ní ọgbọ́n á jẹ́ kí wọ́n ṣírò lọ́nà, kí ọ̀rọ̀ kékeré wọlé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn òkè olókùúta Ṣábẹ tí àlejò ń dúró ya fọ́tò, wọ́n rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kí rédíò gba àárín wọn kọjá. Olórí nìkan ni mo lè gbé òpó gíga fún.

Bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún ìpàdé ẹgbẹ́ ni pé alájọ ni olórí yẹn. Ẹ̀yin mẹ́jọ ń dá àjọ, alájọ ń yí kiri gbà á, nígbà tó bá délé kò ní kí ìyàwó ẹ̀ wá ka owó lágbájá àti ti tàmẹ̀dò, á ní "èyí tó wọlé lónìí nìyí." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mi ò rántí nígbà yẹn pé alájọ tí kò bá ní káàdì lọ́wọ́ àwọn èèyàn ẹ̀, ọjọ́ tí owó bá sọnù, ìjà ni.

Ó ku àdéhùn. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2024 tí ìjọba ti ní kí kajú tí wọn ò tíì pa má jáde nílẹ̀ yìí mọ́, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pa á lábẹ́lé ni à ń tà fún. Aṣojú ọ̀kan nínú wọn, mi ò ní dárúkọ, rí síkíríìnì wa, inú ẹ̀ dùn, ó ní ẹ jẹ́ ká fi ṣe àdéhùn: tí nọ́ḿbà màgásẹ́n bá wà ní 70 sísàlẹ̀, owó pé, tó bá ju 70 lọ á yọ fíràǹkì 25 lórí kílò kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún wọn, Ọlọ́run ń gbọ́ mi, pé ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ kọ́ ni ọ̀rinrin inú kóró, pé àwọn méjèèjì jọ ń rìn ni ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ìbejì. Wọn ò dá mi lóhùn. Nọ́ḿbà tó bá ń tan iná pupa lára ògiri, èèyàn á gbà á gbọ́ ju àgbàlagbà lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ wọn ẹrù màgásẹ́n kejì, síkíríìnì gbé 81.

Alẹ́ àná ẹ̀, 62 ni. Òjò ò rọ̀. Tọ́ọ̀nù 18 ló wà níbẹ̀, ẹ fi 25 lọ́po 18,000 kílò, 450,000 fíràǹkì nìyẹn, owó iléèwé ọmọ mélòó kan. Bàbá Ààrẹ ẹgbẹ́ pè mí, kò kí mi, ó kàn ní: "Ọmọ mi, ẹ̀rọ rẹ fẹ́ pa wá o. Níbo lo wà?" Mo ní: "Ẹ má bínú, bàbá, mo ti wà lọ́nà." Irọ́ ni, mo ṣì ń fọ ẹnu. Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi pé kó gbé báàgì irinṣẹ́ pàdé mi níbẹ̀. Ẹ dì í mú báyìí, báàgì yẹn ń bọ̀ wá di nǹkan.

Nígbà tí mo débẹ̀ wọ́n ti pín sí méjì, àwọn obìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àpò, àwọn ọkùnrin yí aṣojú ká, ìwé àdéhùn wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó rọra ń sọ̀rọ̀ ni, kò tilẹ̀ pariwo, ó ní "Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ fọwọ́ sí i." Ẹni tó wà ní ọ́fíìsì ń pe nọ́ḿbà wá lórí fóònù: 81. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, 62. Lẹ́yìn ẹ̀, 81 padà. Aṣojú ní tí nọ́ḿbà bá ń fò báyìí, ti òkè ni kí á mú, torí omi kì í gbẹ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́gbọ́n dání, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Omi náà kì í sì í dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo wọlé pẹ̀lú ẹ̀rọ ọ̀rinrin tí mo máa ń mú lọ́wọ́. Níwájú, 61. Láàárín, 63. Lẹ́yìn, 62. Mo ní ó dára, ẹnì kan ń purọ́ nínú àwọn àpótí mẹ́jọ, ẹ jẹ́ kí n ṣí olórí wò kí n rí ẹni náà. Mo ṣí i, mo fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: tó bá ti pín in tán, á pa tìkọ̀ọ̀kan rẹ́ kí àyè lè wà. Ìpíndọ́gba nìkan ló kù. Alájọ ti da káàdì nù.

Mo wá jókòó lórí àpò kajú, mo mú bírò. Ìpíndọ́gba 81 lọ́nà mẹ́jọ, 648 ni àpapọ̀. Tó bá jẹ́ pé àwọn méje ń sọ òótọ́, 62 lọ́nà méje, 434. Ó ku 214 fún ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀rinrin 214%! Kò sí irú ẹ̀ láyé, ọgọ́rùn-ún ni òpin, kódà inú kànga. Àbí kẹ̀ kí àwọn òpùrọ́ pọ̀, kí mẹ́rin nínú wọn máa pariwo 100 lẹ́ẹ̀kan náà, kí mẹ́rin yòókù wà ní 62, ìyẹn náà á fún wa ní 648. Mẹ́rin kí wọ́n bàjẹ́ láàárọ̀ kan náà, kí wọ́n tún yá padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n tún bàjẹ́? Mi ò gbà. Ẹnì kan ń sọ 214, olórí mi, tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́, ń gbà á bíi ẹni gba ẹ̀kọ mu, torí mi ò kọ́ ọ pé nọ́ḿbà tó ju ọgọ́rùn-ún lọ, àwàdà ni.

Mo ní rédíò LoRa kan sí i lọ́wọ́, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, mo kàn ń gbọ́ ohun tó ń kọjá nínú afẹ́fẹ́. Ohun tí gbogbo èèyàn lè ṣe nìyẹn o, ẹ fọkàn sí i, mi ò lo paasíwọọ̀dù kankan. Ọ̀rọ̀ wọn ń wọlé níhòòhò báyìí, màgásẹ́n, àpótí, ọ̀rinrin, ooru: M2,03,61,31. M2,04,62,31. M2,05,62,31. Mo dúró. M2,06,63,31. Lẹ́yìn náà ó wá: M2,05,214,31.

Àpótí karùn-ún sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Olórí máa ń rántí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá sọ ni. Tí karùn-ún tòótọ́ bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, 62. Tí ìkejì bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, 81. Ìdí tó fi ń fò nìyẹn. Rédíò máa ń sọ bí ìró ṣe lágbára tó pẹ̀lú, nọ́ḿbà òdì ni, èyí tó bá sún mọ́ òdo ló lágbára jù: karùn-ún tòótọ́ wà ní òdì 87, torí ẹ̀yìn àpò ló wà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ 214 wà ní òdì 38. Òdì 38! Ẹni yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé mi lórí. Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mo ń rìn kiri bíi ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù, gbogbo wọn ń tẹ̀ lé mi, aṣojú náà ń tẹ̀ lé mi, wọ́n sì ti ń wo ọkọ̀ aṣojú ní ìwòkuwò, ẹnì kan tilẹ̀ ti di kọ́kọ́rọ́ géètì mú. Ní gbogbo ìgbà tó bá sọ̀rọ̀ mo ń wo nọ́ḿbà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, òdì 60. Ẹ wò ó, ó ń rẹlẹ̀. Mo padà sẹ́nu ọ̀nà. Òdì 31.

Ìṣó kan wà lára ilẹ̀kùn, báàgì irinṣẹ́ mi ló wà lára ìṣó. Mo ṣí i. Àpótí ìdánwò mi ló wà nínú ẹ̀, èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe kí n tó ṣe àwọn yòókù, tí mo fún ní nọ́ḿbà 05 torí òun ni mò ń fi dán kóòdù karùn-ún wò lọ́jọ́ yẹn, tí mo sì kọ 214 sínú ẹ̀ kí n lè mọ̀ bóyá síkíríìnì á gba nọ́ḿbà tó ní díjíìtì mẹ́ta. Láti ìgbà yẹn kò ní bátìrì. Ọmọ iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ní: "Ọ̀gá, ẹ má bínú, mo fi bátìrì tuntun sí i lálẹ́ àná, mo fẹ́ fi han àbúrò mi bó ṣe ń tan iná." Ohùn LoRa máa ń jìnnà, láti ilé ẹ̀ ló ti ń dé ọ̀dọ̀ olórí kí báàgì tó débí. Mo fẹ́ na ọmọ náà, mo tún rántí pé èmi ni mo kọ́ ilé tí kò ní ilẹ̀kùn.

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín, inú wọn tutù. Ìyá Akápò ò rẹ́rìn-ín. Ó gba àpótí ìdánwò lọ́wọ́ mi, ó yí i sókè yí i sódò, ó ní: "Ṣé ẹ̀rọ yìí ò mọ ọmọ ilé yàtọ̀ sí àlejò ni? Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní òun ni Ìdòwú, ẹ ti gbé oúnjẹ Ìdòwú fún un." Mi ò ní èsì.

Aṣojú gbà kí á fi ẹ̀rọ ọwọ́ wọ̀n ọ́n lójú òun, kò gé owó, ó ṣe bí ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní wo síkíríìnì yẹn mọ́ láéláé àfi tí a bá fi yé òun ìdí tó fi yẹ kí òun gbà á gbọ́. Mo lọ sílé. Oorun ò kùn mí.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé tó bá jẹ́ olè ni ńkọ́. Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi bátìrì méjì gba 450,000 lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá mọ̀, kò ní sọ 214, á sọ 75, díẹ̀díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa fura. Tàbí kí àgbẹ̀ fúnra ẹ̀ gba ohùn 62 sílẹ̀ lọ́jọ́ tí gbogbo nǹkan gbẹ, kó máa fi í ránṣẹ́ padà lọ́jọ́ tí omi wọlé, kí oníbàárà ra ìbàjẹ́. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo sì lè pe ara ẹ̀ ní ogún èèyàn, Douceur, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, kọ nípa ìwà yẹn ní 2002, Sybil ni wọ́n ń pè é. Tàbí kí wọ́n mú sukurudáráfà ṣí olórí fúnra ẹ̀, èyí tó burú jù, torí ẹni tó bá mú alájọ kò nílò láti bá àwọn tó ń dá a jà.

Nǹkan tí mo kọ́kọ́ ṣe ni òǹtẹ̀, àmì tó ń fi hàn pé àpótí gidi ló sọ̀rọ̀. Àpótí kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀, nọ́ḿbà àṣírí ni o, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ kan fún gbogbo ilé, torí tí wọ́n bá jí ẹyọ kan gbé, tiẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ bá a lọ. AES-128, ìṣirò kan tí wọ́n fi ń dáàbò bo ọ̀rọ̀, ló ń fi kọ́kọ́rọ́ yẹn ṣe òǹtẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀, báìtì mẹ́rin. Ẹnì kan tó mọ̀wé sọ fún mi pé báìtì mẹ́rin kéré jù, lórí íntánẹ́ẹ̀tì ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ méfò ẹ̀ lórí rédíò, ká ní ó ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ju ọdún 13 lọ kó tó yí gbogbo ẹ̀ ká, kajú á ti hù, á ti so, á ti gbó. Àwọn tó ṣe TinySec, ààbò fún irú àpótí kéékèèké báyìí, ní 2004 náà, báìtì mẹ́rin ni wọ́n lò. A kọ àwọn kọ́kọ́rọ́ sínú àpótí pẹ̀lú wáyà lórí tábìlì mi, kò gba inú afẹ́fẹ́ kọjá rárá, ìwé tí a kọ wọ́n sí wà nínú àpótí irin Ìyá Akápò, lábẹ́ owó àjọ, mi ò rò pé ibi tó láàbò jùyẹn lọ wà ní Ṣábẹ.

Òǹtẹ̀ nìkan ò tó, torí ohùn àná pẹ̀lú òǹtẹ̀ àná ṣì lè padà wá lónìí. Mo fi òǹkà kún un, gbogbo ọ̀rọ̀ tí àpótí bá sọ ní nọ́ḿbà tó ga ju ti ìṣáájú lọ, èyí tí kò bá ga, olórí á kọ̀ ọ́. Ẹ gbọ́ ibi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sí. Òǹkà náà kò gbọdọ̀ gbàgbé tí wọ́n bá pààrọ̀ bátìrì, nítorí náà inú EEPROM, ibi tí ẹ̀rọ kì í ti gbàgbé nǹkan bí iná bá tilẹ̀ kú, ló ń sùn, EEPROM yẹn sì ní ìwọ̀n, ojú kan nínú ẹ̀, ìgbà 100,000 ni ilé iṣẹ́ ṣèlérí pé a lè kọ nǹkan sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ìgbà 144 lójúmọ́ nìyẹn, 52,560 lọ́dún, kó tó pé ọdún méjì ó ti gbó. Mo wá ní kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbà 16, tí bátìrì bá kú tó sì jí, kó fo 16 síwájú kó tó sọ̀rọ̀. Nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n irú ẹ̀ ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ lẹ́yìn tí ẹni tó ṣe é bá ti gba owó lọ.

Ọjọ́ tí mo mú un padà wá, mo fi àpótí ìdánwò dán an wò níwájú gbogbo wọn, 214, 214, olórí ò dá a lóhùn. Wọ́n ní ó dáa. Ìyá Akápò dìde, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó rẹ àkísà sínú omi, ó fún un, ó fi wé àpótí kẹta. Àpótí kẹta tòótọ́ o, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ẹ̀, pẹ̀lú òǹkà ẹ̀. Ọ̀rinrin lọ sí 97. Kò sí òǹtẹ̀ láyé tó lè sọ pé irọ́ ni, torí sẹ́ńsọ̀ ò purọ́, ohun tó wà nímú ẹ̀ ló ń sọ. Mo wo ìyá, ìyá wò mí.

Orí ìṣirò la ti máa rí ìyẹn mú. Ìpíndọ́gba, ẹnì kan ṣoṣo lè fà á lọ síbi tó bá fẹ́, a ti rí i. David Wagner, onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà, kọ ọ́ ní 2004, pé tí a bá fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ jọ láìjẹ́ kí òpùrọ́ kan tàbí méjì darí wa, ká mú ẹni tó wà láàárín: ẹ to àwọn mẹ́jọ láti kékeré dé ńlá, ẹ mú méjì àárín, ẹ wá ìpíndọ́gba àwọn méjì yẹn nìkan. Tí méje bá wà ní 62 tí ẹnì kan sọ 97 tàbí 214 tàbí mílíọ̀nù kan, 62 náà ni. Mo yí i padà, àkísà ìyá ò lè mi síkíríìnì mọ́, inú aṣojú dùn.

Bàbá Ààrẹ ló wá dá mi dúró. Ó ní: "Tó bá jẹ́ pé òrùlé ló jò sórí ibi kan, tí ibẹ̀ nìkan tutù ńkọ́? Ẹ̀rọ rẹ á ní kò sí nǹkan, àbí?" Ó mú mi. Àgbẹ̀ ò bẹ̀rù ìpíndọ́gba, igun kan ló ń bẹ̀rù, torí igun kan ni kajú ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ohun tó ń gbà wá lọ́wọ́ òpùrọ́ ló máa pa ẹni tó ń sọ òótọ́ lẹ́nu mọ́. Mi ò rí nínú ìwé kankan tí mo kà bí ènìyàn ṣe lè jẹ méjèèjì. Ohun tí a wá ṣe ni pé owó, ti àárín ni. Ìṣọ́ra, ti ẹni tó ga jù: olórí ń rán iye àárín, pẹ̀lú iye tó ga jù, pẹ̀lú nọ́ḿbà àpótí tó sọ ọ́. Tí èyí tó ga jù bá kọjá 80, kí ẹnì kan lọ fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn débẹ̀. Tí àkísà bá wà níbẹ̀, ẹ óò rí àkísà. Tí omi bá wà níbẹ̀, ẹ óò rí omi.

Olórí ló kù. Mo kọ́kọ́ fẹ́ràn ọgbọ́n kan tí Castelluccia, Mykletun àti Tsudik gbé jáde ní 2005, ó dùn létí: àpótí kọ̀ọ̀kan á fi nọ́ḿbà àṣírí kún tiẹ̀, olórí á kàn máa ro wọ́n pọ̀ láìmọ ohun tó ń rò, ọ́fíìsì tó mọ gbogbo nọ́ḿbà àṣírí á yọ wọ́n kúrò, àròpọ̀ tòótọ́ á kù. Bí ẹni gbé àpò tí wọ́n rán ẹnu ẹ̀ sórí ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n olórí tí kò ríran ò lè to àwọn mẹ́jọ, kò lè mú àárín, kò lè mọ̀ pé 214 ju ọgọ́rùn-ún lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ ba àròpọ̀ jẹ́ lè kàn fi 100 kún un lójú ọ̀nà, kò nílò kọ́kọ́rọ́ kankan. Ibi tí àṣírí bá ti ṣe pàtàkì, ó dáa, ilé ìwòsàn fún àpẹẹrẹ. Kajú ò ní àṣírí. Òótọ́ la fẹ́.

Mo padà sọ́dọ̀ alájọ àti káàdì ẹ̀. Mo fún àpótí kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ kejì, èyí tí òun àti ọ́fíìsì nìkan mọ̀, olórí ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wá ní òǹtẹ̀ méjì báyìí, ọ̀kan kí olórí lè lé àlejò, ìkejì, báìtì mẹ́fà, tí olórí kàn gbé pamọ́ tí kò lè ṣe ayédèrú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ báìtì 11 tẹ́lẹ̀ di 17, bátìrì á jẹ díẹ̀ sí i, mo gbà. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá olórí ń rán nọ́ḿbà kúkúrú tiẹ̀, ṣùgbọ́n ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ó gbọ́dọ̀ kó ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wá pẹ̀lú òǹtẹ̀ ọ́fíìsì, báìtì 104, LoRa gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ́fíìsì á tún to wọn fúnra ẹ̀, tí iye àárín ò bá bá ti olórí mu, síkíríìnì á kọ orúkọ olórí ní pupa.

Àwọn tó ní àpótí ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ò lè ṣe báyìí, ẹnu ò ní gbà á. Fún irú wọn, Przydatek, Song àti Perrig ti kọ ọ̀nà kan ní 2003 tí wọ́n ń pè ní SIA: olórí á so gbogbo ọ̀rọ̀ pọ̀ bí igi, ẹ̀ka méjì méjì á di ọ̀kan títí á fi ku òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ní òkè, òun ló máa rán pẹ̀lú èsì, tó bá ti rán an kò lè yí ọ̀rọ̀ padà mọ́, ọ́fíìsì á wá kàn na ìka sí díẹ̀ lára wọn láìsọ tẹ́lẹ̀ pé "ìwọ, fi ti nọ́ḿbà 37 hàn mí." Bí ẹni ń dá káàdì àjọ mélòó kan dúró lọ́jà láìjẹ́ kí alájọ mọ ti ta ni. Mo fẹ́ kọ́ ọ gan-an, mo tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mi ló bi mí pé "Ọ̀gá, ẹni mẹ́jọ ni gbogbo wọn, ṣé ká kúkú pe gbogbo wọn?" Mo pa kóòdù yẹn rẹ́. Ọmọ náà ti ń gbọ́n.

Aṣojú padà wá ní ọjọ́ kejìlá. A tẹ ìwé wákàtí mẹ́rìnlélógún fún un, ó fi bírò tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní kí á ṣe àkísà fún òun, Ìyá Akápò ṣe é, ó rí 97 lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ḿbà àpótí, ó rí 61 ní àárín. Ó fọwọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn òjò ńlá rọ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, màgásẹ́n kìíní: àárín 66, èyí tó ga jù 88, àpótí keje. Aṣojú wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, òun náà rí i. A lọ síbẹ̀, kò sí àkísà. Páànù kan ló ti ṣí létí, omi ń kán tó, tó, tó sórí àpò mẹ́rin. A gbé wọn jáde sóòrùn, a yọ fíràǹkì 25 lórí kílò àwọn mẹ́rin yẹn fún un, Bàbá Ààrẹ fúnra ẹ̀ ló ka owó náà, a sì rán ẹnì kan lọ ra ìṣó páànù.